Ṣé O Mọ̀ Pé Ìbàdàn Ni Wọ́n Bí Ṣadé Sí?

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn ni wọ́n bí Ṣadé sí? Ṣadé wo? Ṣadé Adú ni mo ń sọ, ẹni tó kọ "Smooth Operator"! Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún ní rédíò kárí ayé láti ọdún 1984, tí kò sì tíì sú wa.

Ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 1959. Ìbàdàn gan-an.

Helen Fọláṣadé Adú ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Wá gbọ́ o: àwọn ará àdúgbò kò gbà láti pè é ní Helen! Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Fọláṣadé ni wọ́n mọ̀. Wọ́n gé e kúrú, Ṣadé sì mọ́ ọn lára. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọ ọwọ́ ní Ìbàdàn yìí náà ni wọ́n wá tẹ̀ sára àwo orin tí iye tó tà kárí ayé lé ní mílíọ̀nù 50. Mílíọ̀nù àádọ́ta!

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Adébísí Adú, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì. Ìyá rẹ̀? Anne Hayes, nọ́ọ̀sì, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti pàdé nígbà tí bàbá ń kàwé níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ pínyà. Ìyá rẹ̀ kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó di Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà.

Ó yá, gba èyí náà: Ṣadé kò kọ́ṣẹ́ orin. Iṣẹ́ aṣọ ló kọ́! Ọdún mẹ́ta gbáko ló lò ní ilé ẹ̀kọ́ Saint Martin's ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá àrà sí aṣọ. Orin kò sí nínú ohun tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe rárá.

Ṣé o mọ ibi tó ti ń ta ọtí lópin ọ̀sẹ̀? Rainbow Theatre, ní Finsbury Park. Ibẹ̀ ló ti wo eré Jackson 5. Yéè! Michael Jackson, lójúkojú! Kí lo rò pé ó tẹjú mọ́? Èrò ìwòran! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé àwọn tó wá wòran ló gba òun lọ́kàn ju àwọn tó wà lórí pèpéle lọ.

Báwo ló ṣe wá bọ́ sídìí orin? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti ilé ìwé ló bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọrin. Ó ní òun á ràn wọ́n lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó di elégbè nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pride. O gbọ́ mi dáadáa, elégbè! Ẹlòmíràn ló ń lé, òun ń gbè é lẹ́yìn. Ara rẹ̀ a sì máa gbọ̀n bó bá ti gun orí pèpéle.

Ẹni mẹ́jọ ni wọ́n nínú Pride. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi rìn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré lónìí, eré lọ́la. Nígbà mìíràn, ta ló ń wa ọkọ̀? Ṣadé ni!

Àyè kékeré kan wà tí Pride máa ń yọ̀ǹda láàárín eré fún un. Òun àti ẹni mẹ́ta péré, orin jẹ́jẹ́, orin tó ní adùn jáàsì nínú. "Smooth Operator" wà lára àwọn orin àyè kékeré yẹn. Òun àti Ray St. John ló jọ kọ ọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ agbórinjáde ti gbọ́ ọ, ni oorun kò bá kun ojú wọn mọ́.

Gbogbo wọn ló ń fẹ́ Ṣadé. Kò sí èyí tó fẹ́ Pride.

Kí ni Ṣadé sọ? Ó ní rárá! Ó ní òun kò ní fi àwọn ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀. Oṣù 18 ló fi kọ̀. Rò ó wò ná: ọ̀dọ́bìnrin tí kò lówó lọ́wọ́, àwọn olówó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń dá wọn padà, odindi ọdún kan àtààbọ̀!

Ṣé lóòótọ́ ni kò lówó lọ́wọ́? Fara balẹ̀ síbí, nítorí èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ilé tó ń gbé ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ilé iṣẹ́ panápaná àtijọ́ ni! Kò sí ohun tí ń mú ilé gbóná níbẹ̀, nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù. Orí bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ aṣọ ìbora, ló ti máa ń wọṣọ láàárọ̀. Ọpọ́n ìwẹ̀ ńkọ́? Inú ilé ìdáná ló wà. Ilé ìgbẹ́? Ìta, lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé. Bí ìgbà òtútù bá sì dé, omi inú rẹ̀ a máa dì sí yìnyín!

Inú ilé yẹn náà ló wà nígbà tí orin rẹ̀ àkọ́kọ́, "Your Love Is King", wọ àárín orin mẹ́wàá tó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1984. Gbogbo ìlú ń kọ orin rẹ̀, òun ń wọṣọ lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ká padà sórí àwọn agbórinjáde: ọjọ́ 18, oṣù Kẹwàá, ọdún 1983 ló tó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Epic. Ó kó ẹni mẹ́ta dání láti inú Pride: Stuart Matthewman tó ń fọn sasofóònù tó sì ń ta gìtá, Paul Denman tó ń ta gìtá béèsì, Andrew Hale tó ń tẹ dùùrù.

Ẹni mẹ́ta yìí ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀ dòní! Ó ti lé ní 40 ọdún. Ẹgbẹ́ olórin mélòó lo mọ̀ tí kò tíì tú ká láàárín 40 ọdún?

Dúró ná, mi ò tíì sọ èyí fún ọ: Ṣadé kì í ṣe orúkọ obìnrin náà nìkan. Orúkọ ẹgbẹ́ ni! Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Ṣadé. Ọkùnrin òyìnbó mẹ́ta ló ń jẹ́ Ṣadé, tí orúkọ náà sì bá wọn mu wẹ́kú.

Àwo orin wọn àkọ́kọ́, Diamond Life, jáde ní oṣù Keje ọdún 1984. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n fi ká a sílẹ̀? Mẹ́fà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, orin mẹ́sàn-án, ó sì tà ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ kárí ayé.

Ta ló darí iṣẹ́ náà ní sítúdíò? Robin Millar. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Etí ló gbẹ́kẹ̀ lé! Ní ọdún 2012, àwọn dókítà fi ẹ̀rọ ìríran sí ojú rẹ̀ kan, ó wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n ṣe é fún. Ní ọdún 2023, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í joyè, ó di Sir Robin.

Orin mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án orí Diamond Life ni wọ́n kọ fúnra wọn. Ẹ̀kẹsàn-án, "Why Can't We Live Together", Timmy Thomas ló ni í, láti ọdún 1972. Gbọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn bí o bá ráyè.

Àwo náà gba ẹ̀bùn BRIT ní ọdún 1985: àwo orin tó dára jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọ́jáde wọn ni o!

Nísinsìnyí, ohun ìyanu ńlá. Ṣé o mọ̀ pé Ṣadé kò ní orin ẹyọ kan tó gba ipò kìíní rí lórí àtẹ orin gbogbogbòò, bóyá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà? Ìkankan! Ipò kẹfà ni "Your Love Is King" dé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, ipò karùn-ún ni "Smooth Operator" dé. "The Sweetest Taboo"? Ipò karùn-ún náà ni.

Àwọn tó gba ipò kìíní láwọn ọdún yẹn, a ti gbàgbé púpọ̀ nínú wọn. "Smooth Operator" ńkọ́? Lọ síbi ìgbéyàwó kankan, wàá gbọ́ ọ.

Ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 1985. Pápá ìṣeré Wembley. Live Aid, àpéjọ orin ìrànwọ́ ńlá! Èrò tó tó 72,000 ló wà nínú pápá, àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kárí ayé sì lé ní bílíọ̀nù kan bí wọ́n ṣe fojú bù ú. Orin mẹ́ta ni Ṣadé kọ. Ó rọra ń kọ ọ́, ó rọra ń mi, kò pariwo, kò sá sókè sá sódò.

Àwọn kan máa ń sọ pé òun nìkan ni ọmọ tí a bí nílẹ̀ Áfíríkà tó kọrin ní Wembley lọ́jọ́ yẹn. Má gbà á! Freddie Mercury ti ẹgbẹ́ Queen náà kọrin níbẹ̀, Zanzibar ni wọ́n sì bí i sí ní ọdún 1946. Ìbàdàn àti Zanzibar, lórí pèpéle kan náà, lọ́jọ́ kan náà!

Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àwo kejì jáde: Promise. Ṣé o mọ ibi tí orúkọ náà ti wá? Lẹ́tà bàbá rẹ̀ ni! Àìsàn jẹjẹrẹ ń bá bàbá jà, ó kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ nípa ìrètí pé ara òun yóò yá. Ṣadé yọ ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà náà, ó fi sọ àwo orin.

Promise gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. "Jezebel" wà nínú rẹ̀, kò sì sí ibi tí Matthewman ti fọn sasofóònù tó dùn tó ìyẹn, lójú tèmi.

Ọdún 1986, Grammy! Ẹ̀bùn olórin tuntun tó pegedé jù. Àwọn wo ló bá a du ú? A-ha. Freddie Jackson. Katrina and the Waves. Julian Lennon, ọmọ bíbí inú John Lennon! Ṣadé ló gbé e lọ.

Ọdún kan náà ló ṣeré nínú fíìmù Absolute Beginners. Julien Temple ló darí fíìmù náà, ẹni tó ya fídíò "Smooth Operator".

Wá bá mi ka iye àwo orin rẹ̀. 1984. 1985. 1988. 1992. 2000. 2010. Mẹ́fà péré! Ní 40 ọdún ó lé, mẹ́fà! Àwọn olórin kan wà tó ti gbé mẹ́fà jáde kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 25.

Wá wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Ọdún kan. Ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́jọ. Ọdún mẹ́wàá. Ṣé o rí i? Ṣe ló ń gùn sí i! Láti 2010 ni a sì ti ń retí ìkeje, ó ti lé ní ọdún 15.

Ó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí òun bá ní nǹkan láti sọ nìkan ni òun ń gbé orin jáde.

Kí làwọn tó kù ń ṣe nígbà tí Ṣadé bá dákẹ́? Wọn kì í jókòó lásán o! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá ẹgbẹ́ Sweetback sílẹ̀, wọ́n gbé àwo jáde ní 1996. Lọ́dún yẹn kan náà, Matthewman wà lára àwọn tó bá Maxwell ṣe àwo orin Urban Hang Suite, èyí tó sọ Maxwell di ìlúmọ̀ọ́ká. Paul Denman ńkọ́? Ó fìgbà kan wà ní Los Angeles, tó ń bójú tó ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì tí ọmọ rẹ̀ wà. Láti orí gìtá Ṣadé sí ìdí ariwo pọ́ńkì!

Ní ọdún 2008, wọ́n tún péjọ. Sítúdíò Peter Gabriel ni wọ́n lọ, nítòsí ìlú Bath. Láti ìgbà ìrìnàjò eré ọdún 2001, wọn kò tíì jọ jókòó ṣiṣẹ́ rí!

Oṣù Kejì ọdún 2010, Soldier of Love bọ́ sọ́jà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, Amẹ́ríkà nìkan: 502,000! Ìdajì mílíọ̀nù ó lé, fún obìnrin tí kò gbé àwo jáde fún ọdún mẹ́wàá! Ó bọ́ sí ipò kìíní tààrà, ó jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọdún 1986 ló ti débẹ̀ kẹ́yìn, pẹ̀lú Promise. Ọdún 24!

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbéra ìrìnàjò eré. Nice ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Abu Dhabi ni wọ́n parí rẹ̀ sí, eré tí wọ́n ṣe lé ní 100. Ní Amẹ́ríkà, ta ló ń kọrin ṣáájú wọn kí pèpéle lè gbóná? John Legend!

Ka Grammy rẹ̀ báyìí: 1986, 1994, 2002, 2011. Mẹ́rin. Ọ̀kan ní sáà 80, ọ̀kan ní sáà 90, ọ̀kan lẹ́yìn ọdún 2000, ọ̀kan lẹ́yìn ọdún 2010. Sáà mẹ́rin, ẹ̀bùn mẹ́rin!

Èyí tó gbà ní 1994, "No Ordinary Love" ló fà á. Ṣé o ti wo fídíò orin náà rí? Ṣadé di mámíwọtà! Ó fi omi sílẹ̀, ó wọ aṣọ ìyàwó, ó ń wá olólùfẹ́ kiri ìgboro, ó sì ń bu iyọ̀ sínú omi mu. Sophie Muller ló ya á.

Ta ló tún kọ orin yẹn? Deftones! Àwọn onígìtá líle, àwọn tó ń pariwo! Wọ́n mú orin Ṣadé, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́.

MF DOOM, olórin ràápù, gé lára "Kiss of Life", orin Ṣadé, ó fi ṣe "Doomsday" ní 1999. Drake ńkọ́? Ó fín àwòrán ojú Ṣadé sára, méjì! Ẹ̀ẹ̀kan kò tó o.

Ọdún 2002, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi OBE dá a lọ́lá. Ó ní gbogbo obìnrin dúdú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi í bọlá fún. Ọdún 2017, wọ́n gbé e ga sí CBE.

Ní ọdún 2018, ó dédé yọ lẹ́ẹ̀mejì. "Flower of the Universe" fún fíìmù Ava DuVernay, A Wrinkle in Time. "The Big Unknown" fún fíìmù Steve McQueen, Widows. Kò tó ọdún kan láàárín méjèèjì. Fún Ṣadé, ìkánjú gidi nìyẹn!

Ó tún dákẹ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ló tó lanu, pẹ̀lú "Young Lion", nínú àkójọ orin TRANSA. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló kọ ọ́ fún, ìyá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 65 ni nígbà náà, ohùn náà kò sì yí padà! Ṣe ni mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó parí.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù kí n jẹ́ kó o lọ. Ṣé o mọ "Pearls"? Inú Love Deluxe ló wà, àwo orin ọdún 1992. Obìnrin kan ní Sòmálíà ni orin náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nínú ebi, tó ń ṣa ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ. Ìlù kò sí níbẹ̀. Ohùn Ṣadé àti okùn fáólìn ló gbé e. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀ lọ. Jọ̀ọ́, wá a lálẹ́ òní, jókòó tì í, má sì ṣe nǹkan mìíràn títí yóò fi parí.